Ẹ̀kọ́ Tẹ́tẹ́ Lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀

Bí ọkọ bá dédé ń ṣe dáadáa sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìyàwó kọ́kọ́ dúpẹ́, kó sì wá bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé. Aránṣọ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí dúpẹ́, ó sì dúró síbẹ̀. Mi ò bá a wí. Ta ni wọ́n ń bu oyin fún tí yóò kọ́kọ́ máa béèrè igi tí wọ́n ti rí i?

Ojúlé kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi pín in sí méjì. Níhìn-ín ni ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ wà, pẹ̀lú ìdì aṣọ àwọn oníbàárà àti agolo tó ń kó abẹ́rẹ́ sí. Lọ́hùn-ún ni ọkọ rẹ̀, Onígbàjámọ̀, gbé àga méjì àti dígí gbọọrọ kan sí, tó sì gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sára ògiri. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, àwọn ọkùnrin á kóra jọ síbẹ̀ láti wo eré bọ́ọ̀lù rọ́gíbì àti láti ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Ariwo wọn ni Aránṣọ fi ń wo eré láti ẹ̀yìn pákó. Bó bá yọjú, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin la ń sọ o," òun náà á sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Onígbàjámọ̀ lé gbogbo wọn lọ. Ó nu àga kan, ó tẹ́ aṣọ ìnura tó mọ́ sórí rẹ̀, ó sì kan pákó kọ́kọ́kọ́.

"Ìyàwó mi, wá jókòó. Mo fẹ́ kọ́ ọ ní rọ́gíbì."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi rọ́gíbì ṣe?"

"Ṣebí eré tí ọmọ ìyá rẹ ń ṣe nìyẹn? Ó yẹ kó o mọ ohun tó ń ṣe. Bó o bá mọ̀ ọ́n tán, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́tẹ́ rẹ̀. Ìwọ tó o ní làákàyè tó báyìí, wàá ta àwọn olórí kunkun yẹn yọ."

Orí Aránṣọ wú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò rántí ọjọ́ tí ọkùnrin yìí pe òun ní onílàákàyè. Ó bọ́ òrùka irin tó fi ń ti abẹ́rẹ́, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó na ẹsẹ̀.

Ọkùnrin náà mọ ẹ̀kọ́ kọ́ni, ká má parọ́ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin, tó jẹ́ pé bó bá balẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń ta lọ. Ó ní bí ẹnìkan bá gbé e kọjá ìlà tó wà lẹ́yìn àwọn alátakò, tó sì fi kanlẹ̀, pọ́ìntì márùn-ún nìyẹn. Ó fi àwọn géńdé tó ń wà níwájú hàn án, àwọn tó máa ń forí korí bí àgbò tí wọ́n sì ń ti ara wọn. Ó ní àwọn yẹn ni ògiri ẹgbẹ́. Ohun tí kò kọ́kọ́ wọ Aránṣọ létí ni pé ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n lè fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí.

"Iwájú ni wọ́n ń lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jù ú sí?" ó béèrè. "Ṣé ẹni tó gbé òfin yìí kalẹ̀ ti mutí yó ni?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n bọ́ sórí tẹ́tẹ́. Ẹgbẹ́ aláṣọ pupa fẹ́ bá ẹgbẹ́ aláṣọ funfun wàákò lórí tẹlifíṣọ̀n, Onígbàjámọ̀ sì ní kí ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀kan. Ó wo itan àwọn aláṣọ pupa, ó mú wọn. Nígbà tí eré parí, tí àwọn pupa fi pọ́ìntì márùn-ún borí, Aránṣọ dìde, ó jó yí àga po.

"Jókòó," ni ọkọ rẹ̀ wí. "O ti pàdánù."

"Báwo? Ṣé àwọn pupa kọ́ ló borí ni?"

"Àwọn ni. Ṣùgbọ́n ẹrù wà lórí wọn."

Ó wá tú u palẹ̀ fún un. Bí gbogbo ayé bá ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan lágbára ju èkejì lọ, ta ló máa ta lé aláìlágbára? Nítorí náà, àwọn onílé tẹ́tẹ́ á di pọ́ìntì lé alágbára lórí, bí ìgbà tí wọ́n di ẹrù lé ẹni tó fẹ́ sáré. Bí ẹrù náà bá jẹ́ mẹ́jọ, àfi kí ẹgbẹ́ náà fi ju mẹ́jọ lọ borí kí ẹni tó ta lé e tó jẹ. Bó bá fi márùn-ún péré borí, àwọn tó ta lé aláìlágbára ló jẹ.

Aránṣọ ronú díẹ̀. "Ìyẹn ni pé ẹnìkan lè jókòó láàárín èrò, kí gbogbo wọn máa yọ̀ pé àwọn ń borí, kóun náà máa yọ̀ nínú pé wọn ò borí tó?"

"Háà! Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ mi!" Onígbàjámọ̀ gbọwọ́ lé e lẹ́yìn. "Ó gba àwọn yẹn tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó mọ ìyẹn."

Ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn ló wúwo jù. Ó ní a kì í fi ìfẹ́ ta tẹ́tẹ́. Ó ní ara ni rọ́gíbì, kì í ṣe orúkọ, ẹni tó bá sì mọ agbábọ́ọ̀lù tí ibì kan ń dùn lára rẹ̀ ti mọ ibi tí ògiri ti là. Aránṣọ mi orí. Ọ̀rọ̀ náà yé e dáadáa, nítorí ó mọ ibi tí ògiri kan ti là.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ògiri náà. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àpáta. Ìgbà tí ìyá wọn kú, kò tíì lè so okùn bàtà, Aránṣọ ló sì fi owó aṣọ rírán tọ́ ọ dàgbà. Ní báyìí ó ń ru táìlì ní ilé ìkẹ́rùsí, bó bá sì ti ṣíwọ́, á lọ gba bọ́ọ̀lù rọ́gíbì. Apá òsì ìlà iwájú ni ipò rẹ̀. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ńlá kan ti ní àwọn ń bọ̀ wá wo eré ìkẹyìn ọdún náà láti mú ẹnìkan ṣoṣo, ẹni tí yóò máa gba owó oṣù nídìí bọ́ọ̀lù, tí kò ní ru nǹkan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Àpáta ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.

Àfi pé èjìká òsì rẹ̀ ti yẹ̀. Páálí táìlì ló ṣe é. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, á bọ́ ẹ̀wù, á jókòó sórí àpótí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ki aṣọ bọ omi gbígbóná, á fún un, á fi tẹ èjìká náà, á wá fi òróró pa á títí yóò fi rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bọ̀ọ̀dá ọkọ yín pàápàá kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí àwọn kóòṣì tó ń kọ́ wa bá gbọ́, wọ́n á yọ mí, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ṣé mo ti tú àṣírí ẹ rí ni?"

"Ẹ búra."

"Mo fi ìyá wa búra," ni Aránṣọ wí, ó sì fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ na ọmọ náà lẹ́yìn. "Gbé ọwọ́ sókè, jàre."

Ọjọ́ ìsinmi tó kù díẹ̀ kí eré náà wáyé, Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ po tíì fún ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e fún un lórí àga, ó tún fi àwo sábẹ́ ife kó má baà jó o.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi, ìdánwò dé. Ilé tẹ́tẹ́ ti di ẹrù mẹ́jọ lé ẹgbẹ́ Àpáta lórí. Bó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá ta lé wọn?"

Ó yẹ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wo ni yóò ní rárá? Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìdáhùn, ẹnu máa ń yún un ni.

"Mi ò ní ta lé wọn. Mẹ́jọ ti pọ̀ jù. Wọ́n á borí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní borí tó yẹn, nítorí apá òsì wọn..." Ó gé e sí àárín. Ooru tíì náà dà bíi pé ó gba ojú rẹ̀ lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

"Apá òsì wọn ńkọ́?" Onígbàjámọ̀ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń fi abẹ fá ẹ̀yìn etí ọmọdé.

"Kò sí nǹkan."

"Èmi ni o, ìyàwó mi. Ṣé ará ìta ni mí? Bí nǹkan bá ń ṣe àna mi, ṣé ẹ̀yìn odi ni ó yẹ kí n ti gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Tọkọtaya ara kan ni wọ́n, òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀: páálí, èjìká, omi gbígbóná, ìbúra. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ parí, ó mí kanlẹ̀, ó ní èjìká náà á sàn. Ó ní ẹrù mẹ́jọ tàbí ẹrù ogún, òun á ta lé ẹgbẹ́ Àpáta, torí ta ni òun fẹ́ tì lẹ́yìn bí kò ṣe àna òun? Ojú tilẹ̀ ti Aránṣọ pé ó fi nǹkan pa mọ́ fún irú ọkọ báyìí.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú eré, Apárí wá sí ìsọ̀ Onígbàjámọ̀. Apárí ni kóòṣì ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ Àpáta gbá. Orí rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sì sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni apárí ń wá lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Òun á ní irùngbọ̀n lòun wá fá. Láti ẹ̀yìn pákó, Aránṣọ gbọ́ tí ẹ̀rọ ìgẹrun bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tó sì tún dákẹ́. Ó gbọ́ tí àwọn ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ló ń ká mọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Apárí ti tún dé," ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ eré pé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, koríko pápá tutù, ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà sì ti ń ṣàn. Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pákó láàárín àwọn tó ń ti Àpáta lẹ́yìn. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ iwájú lábẹ́ agbòòrùn. Nígbà tí Àpáta sáré wọlé, ó wo ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Òsì kò ṣeé gbé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí alátakò tó sanra jù kọlu èjìká òsì náà, Aránṣọ ní bí eré ṣe rí nìyẹn. Ìgbà kejì, ó di etí bẹ́ǹṣì mú. Ní ìgbà kẹta, bọ́ọ̀lù kò sí nítòsí rárá, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n tún gbà lọ. Ó wá gbọ́ ohùn Apárí láti etí pápá, ó ń kígbe, "Òsì! Ẹ padà sí òsì!"

Síbẹ̀ ẹgbẹ́ Àpáta ló ń borí. Pọ́ìntì mẹ́fà ni wọ́n fi wà níwájú, àwọn èrò sì ń jó. Aránṣọ yíjú sí ọkọ rẹ̀ láti mọ bó ṣe rí lára rẹ̀, torí mẹ́fà kò tó mẹ́jọ. Ẹni tó ta lé wọn lórí pẹ̀lú ẹrù mẹ́jọ, ó yẹ kó ti di orí mú. Onígbàjámọ̀ ká apá sáyà, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń wo eré bí ẹni tó jẹun yó.

Ìgbà náà ni wọ́n forí korí lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn mẹ́ta já bọ́ lé Àpáta lórí. Igbe kan ṣoṣo ló ké, lẹ́yìn náà gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹnìkan pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ọwọ́ ti fẹ́ pàdé lẹ́ẹ̀kejì kí Onígbàjámọ̀ tó rántí ibi tó jókòó sí. Ó wá ń ra àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, bíi pé òtútù ló mú un. Kò sí ẹlòmíì tó kà á sí. Ṣùgbọ́n Aránṣọ ti rí i, ó sì mọ̀.

"Ta lo ta lé?" ó béèrè.

"Jẹ́ ká délé ná."

"Mo ní ta lo ta lé?"

"Gbọ́ mi. Mi ò ní kí wọ́n ṣe é léṣe. Mo kàn sọ ibi tí kò lágbára fún wọn ni. Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n lù ú tó báyẹn?"

"Apárí lo sọ fún."

Onígbàjámọ̀ wo àyíká bóyá ẹnìkan ń gbọ́.

"Ọjọ́ tó o nu àga fún mi, tó o ní mo ní làákàyè, ṣé èjìká yìí lò ń wá láti ọjọ́ yẹn?"

Onígbàjámọ̀ wo bàtà rẹ̀. "Mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń gbé nǹkan nígbà tó wá sílé. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa sọ fún bí kò ṣe ìwọ. Bí mo bá bi ọ́ ní tààrà, ṣé wàá sọ ni? Wò ó, àwa méjèèjì la jọ máa jẹ ẹ́."

Ó dun Aránṣọ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Tẹ́tẹ́ nìkan kọ́ ló dùn ún, irọ́ nìkan kọ́. Ẹ̀rín tí wọ́n rín ló dùn ún, àti tíì, àti aṣọ ìnura tó mọ́, àti pé òun ti ń fi ojú sọ́nà fún ọjọ́ ìsinmi bí ọmọdébìnrin. Ó ti rò pé ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òun ni. Kò rí òun rárá. Èjìká ọmọ ìyá òun ló ń wò láti orí òun. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ikú ilé yìí tún po tíì síwájú.

Ó dìde. Onígbàjámọ̀ di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó já a gbà, aṣọ náà sì ya. Kò wẹ̀yìn.

Wọ́n ti gbé Àpáta sí yàrá ìtọ́jú kékeré tó wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì. Níwájú ilẹ̀kùn, ọmọkùnrin kan jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó fi aṣọ eré bo ojú. Ọ̀rẹ́ Àpáta ni, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Aránṣọ kọjá lára rẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì ti fi báńdéèjì so ọwọ́ òsì náà mọ́ àyà. Àpáta jókòó sétí ibùsùn, bàtà eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dé." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Àwọn aṣojú yẹn ti mú ẹlòmíì. Wọn ò tilẹ̀ dúró kí eré parí."

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Pẹ̀lẹ́." Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà náà, torí ó fẹ́ rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe.

"Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá lára mi. Ẹnìkan ló tà mí. Mo sì ti mọ ẹni náà." Ó fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀kùn. "Òun ló máa ń bá mi bọ́ ẹ̀wù. Ó ní òun kọ́, ó ń búra kiri. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá kí n tó délé. Ẹ̀yin àti òun nìkan lẹ mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà tí kì í ṣe ẹ̀yin, ta ló tún kù?"

Mo bi yín: kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Kò ná an ní nǹkan láti dákẹ́. Bó bá dákẹ́, àbúrò rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé àfi Apárí àti ọkùnrin tó fi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbọ́ ẹkún ọmọ náà láti ẹnu ọ̀nà.

"Pè é padà," ó ní. "Èmi ni."

Àpáta rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má gbèjà ẹ̀. Mo mọ̀ pé àánú ẹ̀ ń ṣe yín."

"Mo sọ fún ọkọ mi. Ọkọ mi sọ fún Apárí. Èmi ni."

Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀. Àpáta wò ó, ó wo aṣọ rẹ̀ tó ya, ó tún wo ojú rẹ̀, ó ń dúró kó ní irọ́ ni. Aránṣọ kò ní irọ́ ni. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò já a gbà. Jẹ́jẹ́ ló fà á, bí èèyàn ṣe ń yẹra fún àlejò nínú ọkọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọ̀rẹ́ mi níta kó wá bá mi bọ́ bàtà."

Nọ́ọ̀sì jáde. Aránṣọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Àpáta bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bá àwọn oníbàárà ilé ìkẹ́rùsí sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá, ìyàwó Onígbàjámọ̀. Ẹ bá mi kí ọkọ yín."

Ó sì yíjú sí ògiri.